Òwú Aró Lábẹ́ Ìṣẹ́tí

Òórùn ọṣẹ ni ó jí i.

Kò yẹ kí òórùn ọṣẹ jí alágbàfọ̀. Ó ti pẹ́ tí obìnrin yìí ti ń fi ọṣẹ jẹun, débi pé àwọn aládùúgbò kì í pè é ní nǹkan mìíràn ju Ọlọ́wọ́-Ọṣẹ lọ. Ṣùgbọ́n ọṣẹ inú ilé ti tán láti àná, ó ti fọ ọpọ́n ìfọṣọ, ó sì ti dojú rẹ̀ dé sí ẹ̀yìnkùlé. Ó dìde jókòó lórí ẹní rẹ̀. Ilẹ̀ ti ń mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú wá inú yàrá kiri, títí imú náà fi gbé e dé igun, níbi tí ìkòkò amọ̀ kan wà tí a fi aṣọ bò lẹ́nu, tí a sì fi okùn dì pinpin.

Ó mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Ẹ̀wù tí àbúrò rẹ̀ wọ̀ kú ni. Nínú gbogbo aṣọ tí ó ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá láyé, òun nìkan ni ó kọ̀ láti fọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ nìkan ni ó kù fún un nínú ọmọ ìyá rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ni ó wà nínú ìkòkò. Kí ló wá gbé òórùn ọṣẹ débẹ̀?

Alágbẹ̀dẹ ni àbúrò rẹ̀ yìí nígbà ayé rẹ̀, ọkùnrin tí kì í pariwo, tí kì í sì í jà. Nígbà tí ìjọba òyìnbó ní àwọn fẹ́ la ọ̀nà, ilé kọ̀ọ̀kan ní láti yọ ènìyàn kan tí yóò máa ru òkúta lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò bá wá, wọn a tú òrùlé rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ló ń pàṣẹ, Ògbufọ̀ ló ń sọ àṣẹ náà fún ará ìlú, ṣùgbọ́n kí àṣẹ tó ti ẹnu Ògbufọ̀ jáde, ó ti hu ìwo. Àárẹ̀ dá Alágbẹ̀dẹ dúbúlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n wá mú ìyàwó rẹ̀ dípò, pẹ̀lú oyún tí ó ti wọ oṣù ìkúnlẹ̀. Obìnrin náà bẹ̀bẹ̀. Ògbufọ̀ ní oyún kì í ṣe àìsàn. Ní ẹsẹ̀ afárá tí wọ́n ń kọ́ sórí odò ni ó ṣubú sí tòun ti òkúta orí rẹ̀, kò sì dìde mọ́, àtòun àtọmọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Alágbẹ̀dẹ pa iná tí ó fi ń rọ ọkọ́. Ó dá òmíràn tí ó fi ń rọ àdá.

Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n sun ilé ẹjọ́, wọ́n lé ọlọ́pàá wọgbó, fún ìgbà díẹ̀ kò sí ẹni tí ó ru òkúta fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin arúgbó kan tí gbogbo ìlú ń pè ní Agbẹ̀bí, nítorí òun ni ó gbẹ̀bí ìdajì wọn, ṣe ẹ̀wù ayẹta fún àwọn ọkùnrin náà. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ sọ pé ìbọn ń dún, ọta ń já sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn bí ẹni ń da àgbàdo. Lẹ́yìn náà ni Ajẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ àlàáfíà, pé kí wọ́n wá pàdé òun ní ẹsẹ̀ afárá, kí àwọn jọ sọ̀rọ̀. Wọ́n lọ, tàwọn tẹ̀wù ayẹta. Ìbọn dún. Ọta kò yẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ni ó kọ́kọ́ ṣubú, ní ibi tí aya rẹ̀ ṣubú sí gan-an.

Láti ìgbà náà, àdúgbò àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti di eérú. Àwọn tí kò kú wà lẹ́wọ̀n, wọ́n ń fọ́ òkúta fún ọ̀nà kan náà tí wọ́n torí rẹ̀ jà. Agbẹ̀bí di òpùrọ́ lẹ́nu gbogbo ayé. Ògbufọ̀ kọ́ ilé alájà.

Ọlọ́wọ́-Ọṣẹ tú okùn. Ó fa ẹ̀wù náà jáde, ó gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó sì ṣe ohun tí ọwọ́ alágbàfọ̀ máa ń ṣe láìrò ó: ó yí ìṣẹ́tí rẹ̀ padà.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní òfin kan. Kí aṣọ tuntun tó kan omi, ó gbọ́dọ̀ ran òwú bíńtín sí abẹ́ ìṣẹ́tí rẹ̀, kí aṣọ ilé kan má bàa wọ ilé kejì. Òwú pupa ni ti Ajẹ́lẹ̀. Òwú dúdú ni ti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Òwú aró ni ti Ògbufọ̀.

Òwú aró ló wà lábẹ́ ìṣẹ́tí ẹ̀wù àbúrò rẹ̀. Ó ṣẹ́ sí apá òsì bí Ọlọ́wọ́-Ọṣẹ fúnra rẹ̀ ti máa ń ṣẹ́ ẹ gan-an.

Ó rántí ìdì aṣọ kan tí ó ti ilé Ògbufọ̀ wá, ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìpàdé ẹsẹ̀ afárá. Ẹ̀wù kíjìpá tí ó nípọn ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní ti àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ ilé ni. Ó rántí pé ìdọ̀tí wọn le, pé òun fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, àti pé orí òun wú nígbà tí wọ́n funfun.

*

Ẹní ìbímọ Agbẹ̀bí ti wà lórí àjà, a ká a, aláǹtakùn ti ta sí i lára. Kò sí aboyún tí ó tún ń kọjá sí ọ̀nà ibẹ̀. Arúgbó náà kò ní kí àlejò rẹ̀ jókòó.

"Ẹsẹ̀ rẹ ti gbàgbé ilé yìí," ni ó wí. "Ta ló ń rọbí?"

"Kò sẹ́ni tó ń rọbí, Ìyá. Òkú ni mo gbé wá bá yín."

Ó tẹ́ ẹ̀wù náà sílẹ̀. Agbẹ̀bí wò ó pẹ́. Ó gbé e sí imú, ó tọ́ etí rẹ̀ wò lẹ́nu, ojú rẹ̀ sì yí padà bíi ti ẹni tí wọ́n dá láre lẹ́yìn tí wọ́n ti so ó rọ̀ tán. Ó ní ọṣẹ ni èèwọ̀ ẹ̀wù náà. Òun sọ fún wọn. Òun ní ẹnikẹ́ni tí kì í bá í ṣe ara wọn kò gbọdọ̀ rí i, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń kó o pamọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ kan nílé àgbẹ̀dẹ nígbà tí kò bá sí ìjà. Ká ní wọn kò pa á mọ́ fún ẹ̀gbọ́n Alágbẹ̀dẹ ni, ìbá ti dá a mọ̀ lọ́jọ́ tí ó bá a nínú ìdì aṣọ ẹlòmíràn.

"Gbogbo ìlú ń fi mí ṣẹ̀sín," ni arúgbó náà wí. "Ṣé ọwọ́ tìrẹ ni?"

"Ọwọ́ mi ni, Ìyá. Kì í ṣe inú mi."

Níta, adìyẹ kan ń ké bí ẹni tí ó rí nǹkan.

"Kí lo wá fẹ́?"

"Kí Ògbufọ̀ kú."

"Ikú ò ṣòro. Ẹni tó bá ṣáà ti pẹ́ láyé á kú."

"Kó kú lójú gbogbo wọn, níbi tí àbúrò mi kú sí. Kó sì fẹnu ara ẹ̀ sọ ìdí ẹ̀."

Agbẹ̀bí rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Eyín rẹ̀ kò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó kù mú. Ó dìde, ó wọ inú yàrá, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó jáde, ó fi nǹkan kan tí kò tó èékánná sí ọwọ́ Ọlọ́wọ́-Ọṣẹ. Ó ní kí ó rán an mọ́ ọrùn ẹ̀wù Ògbufọ̀. Ó ní àwọn á kọ́kọ́ fi dán ilẹ̀kùn wò ná, bóyá ẹnìkan ti tì í.

*

Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn ń jó páànù tí kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó bẹ̀rù nǹkankan, Ògbufọ̀ dúró níwájú dígí ní àjà òkè ilé rẹ̀, ó ń de bọ́tìnì ẹ̀wù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ wá. Bí ó ṣe de ti ọrùn, àgádágodo tí ó so mọ́ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dún. Ó dún bí ìgbà tí ènìyàn ń fi kọ́kọ́rọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ wá inú rẹ̀.

Kò jẹun ọ̀sán. Ẹ̀yìn ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ó gbà lọ, sí ṣọ́ọ̀bù kótópó kan tí àgádágodo kún ara ògiri rẹ̀ bí àdán. Ọkùnrin tí ó wà níbẹ̀ ni ó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ fún ẹ̀wọ̀n. Oníkọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pè é. Àwọn tí ó mọ ohun tí ó tún ń tì yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn kì í pè é rárá.

Oníkọ́kọ́rọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó ń fi ayùn irin ha nǹkan lọ.

"Ọ̀gá Ògbufọ̀, ẹnìkan fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Kò rí i ṣí."

Ògbufọ̀ béèrè bóyá obìnrin alágbàfọ̀ náà ti mọ̀. Oníkọ́kọ́rọ́ ní bóyá ó mọ̀, bóyá kò mọ̀, kò tu irun kankan lára àwọn. Òun náà ni ó kọ́kọ́ tú àṣírí fún un pé ọṣẹ ni èèwọ̀ ẹ̀wù ayẹta. Ó tún àlàyé tí ó ti ṣe fún un tẹ́lẹ̀ ṣe. Àwọn tí ó kú ní ẹsẹ̀ afárá ń wá ẹni tí ó ba ẹ̀wù wọn jẹ́. Òórùn ọṣẹ ni wọ́n ń tọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ tí ó fọ ẹ̀wù wọn bá ń fọ aṣọ Ògbufọ̀, ẹ̀yìn ọwọ́ yẹn ni ó sá pamọ́ sí. Aburú yòówù tí wọ́n bá sì fi ránṣẹ́ sí i, ọwọ́ yẹn ni yóò padà sí. Ìdí nìyẹn tí Ògbufọ̀ fi ní kí àwọn ṣọ́jà fo ilé Ọlọ́wọ́-Ọṣẹ lọ́jọ́ tí wọ́n sun àdúgbò. Obìnrin náà gan-an ni àgádágodo. Èyí tí ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òjìji rẹ̀ lásán ni.

"Wọ́n fẹ́ ṣí afárá," ni Ògbufọ̀ wí. Ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́. "Gómìnà ń bọ̀. Èmi ni n ó dúró tì í níbẹ̀."

Oníkọ́kọ́rọ́ gbé ayùn sílẹ̀. Ó ní orí ẹ̀jẹ̀ wọn ni yóò dúró lé yẹn o. Ní ibòmíràn, bí ẹlòmíràn bá fọ aṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lè jẹ́ kí ó kọjá. Ní ibẹ̀, kí ó má ṣe wọ ohunkóhun tí ọwọ́ obìnrin náà kò fọ̀.

"Ẹ fi ojú sí i," ni ó wí. "Ojú tí kì í ṣẹ́."

*

Ní ọ̀sán kan náà, Ọlọ́wọ́-Ọṣẹ ń lọ aṣọ. Ó fi ọwọ́ òsì di áyọ́ọ̀nù eléèédú mú, ó fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ́ aṣọ. Lójijì ni àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún gbóná bí ẹni tẹ̀ ẹ́ mọ́ iná. Nígbà tí ó wò ó, àpá iná ti wà níbẹ̀. Orí róbótó, ọrùn tín-ín-rín, eyín méjì lẹ́nu. Kọ́kọ́rọ́ ni.

Nígbà tí ó gbé e dé ọ̀dọ̀ Agbẹ̀bí, arúgbó náà mú ọwọ́ náà, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó tutọ́ sílẹ̀.

"Iṣẹ́ ọwọ́ Oníkọ́kọ́rọ́ rèé. Èmi ni mo gbẹ̀bí ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ dídì ló fi wáyé, ìyá ẹ̀ ò rí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ títí ó fi já lẹ́nu ọmú."

Ó ka ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún un, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ó ń sọ fún aboyún pé ọmọ fi ìdí síwájú. Ìwọ ni wọ́n fi tì í. Ohun tí a bá rán sí i, ara rẹ ni yóò ti yọ. Bí o bá ní o kò fọ aṣọ rẹ̀ mọ́, yóò fi ọlọ́pàá mú ọ fọ̀ ọ́. Bí ó bá wọ aṣọ tí ọwọ́ mìíràn fọ̀ lọ sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ wọn wà, ibẹ̀ nìkan ni ilẹ̀kùn lè ti ṣí.

"Ọwọ́ ta ni?" ni Ọlọ́wọ́-Ọṣẹ béèrè.

Agbẹ̀bí gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè. Ó ti hun jọ, iṣan ti yọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọwọ́ tó kó wọn wáyé. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, ọmọ mi. Àgádágodo tí wọ́n bá já, ibi tó so mọ́ ló máa ń já mọ́. Ọwọ́ rẹ lọ́ọ̀tún yìí."

Ọlọ́wọ́-Ọṣẹ wo ọwọ́ náà.

"Oúnjẹ rẹ ni," ni Agbẹ̀bí tún wí, kí ó má bàa jẹ́ pé kò sọ ọ́.

"Ó ti jẹ àbúrò mi, Ìyá. Kí ló kù tó fẹ́ wá fún mi jẹ?"

*

Ògbufọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó gbé kóòtù náà wá. Ojú ọ̀sán ni, àwọn tí ń kọjá lọ́nà sì ń dúró wò ó, nítorí kò sí ẹni tí ó tíì rí i kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹrù láti ìgbà tí ó ti di èèyàn ńlá. Ọlọ́pàá kan tẹ̀lé e, ó gbé àpótí ìjókòó lọ́wọ́.

Kóòtù funfun ni, tuntun, tí kò tíì kan ara. Ògbufọ̀ nà án sórí apá rẹ̀ bí ẹni nà ọmọ tuntun. Ó ní òun àti Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n jọ rán an lọ́dọ̀ télọ̀ kan náà, láti inú ìgàn aṣọ kan náà, ìwọ̀n kan náà. Bí àwọn bá kó wọn pọ̀, Ajẹ́lẹ̀ gan-an kò ní mọ tirẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí èyí, òun nìkan ni ó sì rín in.

"Ti Ajẹ́lẹ̀ náà ti wà níbí láti àárọ̀," ni Ọlọ́wọ́-Ọṣẹ wí. "Wọ́n ní kí n fọ òórùn télọ̀ kúrò lára ẹ̀."

"Ẹ ṣáà rántí èyí tí í ṣe tèmi."

"Òwú ló ń bá mi rántí, ọ̀gá."

Ojú Ògbufọ̀ bọ́ sórí àkísà tí obìnrin náà fi di àtẹ́lẹwọ́.

"Kí ló ṣe yín lọ́wọ́, Àǹtí?"

"Iná áyọ́ọ̀nù ni."

"Ẹ máa ṣọ́ra. Mi ò fẹ́ kí nǹkankan ṣe ọwọ́ yẹn."

"Mo ti rí i pé ọ̀gá fẹ́ràn ọwọ́ mi jù mí lọ."

Ó wò ó. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti kúrò lójú. Ó ní ọlọ́pàá yìí yóò jókòó tì í títí iṣẹ́ yóò fi parí, nítorí olè pọ̀ láyé. Ó ní kò sí ọwọ́ mìíràn tí ó gbọdọ̀ fọ aṣọ náà. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́ẹ́jẹ́, ó sì jáde. Nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó fi imú fa afẹ́fẹ́, bí ẹni tí ó gbọ́ òórùn nǹkan tí ó ti mọ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni ó yára rìn.

*

Ọlọ́pàá náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ooru ló ń mú un, bàtà rẹ̀ sì fún un lẹ́sẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, "láti ọjọ́ tí mo ti wọṣẹ́, mo ti ṣọ́ olè, mo ti ṣọ́ apànìyàn. Òní ni mo máa kọ́kọ́ ṣọ́ kóòtù."

"Bó bá sá, ẹ yìn ín níbọn."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dẹ bẹ́líìtì rẹ̀. Ó ní ọ̀gá ní kí òun máa wo èyí tí ó bá ní òwú aró lára, kí òun má ṣe mú ojú kúrò lára rẹ̀ títí yóò fi dé orí okùn.

Ọlọ́wọ́-Ọṣẹ jókòó sórí àpótí rẹ̀ bí ó ti máa ń jókòó láti máa sàmì sí aṣọ tuntun. Kóòtù méjèèjì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n rí bákan náà bí ìbejì. Ó béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá bóyá ó ti níyàwó. Ọlọ́pàá ní ìyàwó ti wà, ìyá ìyàwó ni kò gbà. Bí ó ti ń sọ bí ìyá náà ṣe da omi lé òun lẹ́sẹ̀, abẹ́rẹ́ ń wọlé, ó ń jáde. Òwú aró wọ kóòtù Ajẹ́lẹ̀. Òwú pupa wọ kóòtù Ògbufọ̀.

"Èyí rèé," ni ó wí, ó yí ìṣẹ́tí sókè.

Ọlọ́pàá wò ó. Òwú aró ni lóòótọ́. Láti ìgbà náà kò mú ojú kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ó ń wò ó nínú omi, ó ń wò ó nínú ọṣẹ, ó ń wò ó bí ọwọ́ alápá iná náà ṣe ń fi gbogbo agbára fọ aṣọ tí kì í ṣe ti ẹni tí ó rán an níṣẹ́.

Arúgbó kan wọlé, ó kí i, ó ní òun wá ran ọmọ òun lọ́wọ́ torí iṣẹ́ pọ̀. Ó kó díẹ̀ nínú ìdì aṣọ. Ọlọ́pàá wo èyí tí ó wà lókè: òwú pupa. Ó fi ọwọ́ júwe ọ̀nà fún un.

Bí Agbẹ̀bí ṣe fọ kóòtù náà, n kò ní sọ. Kò fi ọṣẹ sí i. Omi tí ó lò, ẹ̀wù kan ti sùn nínú rẹ̀ mọ́jú, ẹ̀wù tí ẹnikẹ́ni kò fọ̀ láti ọjọ́ ẹsẹ̀ afárá. Bí ó ti ń fọ̀ ọ́, ó ń pe àwọn ọmọkùnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe wáyé: èyí tí ó fi ẹsẹ̀ jáde, èyí tí kò kígbe, èyí tí ìwọ́ we lọ́rùn. Omi náà pọ́n. Kóòtù náà ń funfun sí i.

Nígbà tí aṣọ olówùú aró dé orí okùn, ọlọ́pàá bọ́ bàtà, ó ní iṣẹ́ tí wọ́n rán òun ti parí, ó dágbére. Ọlọ́wọ́-Ọṣẹ dúró títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀. Ó wá mú abẹ́rẹ́, ó tú òwú méjèèjì, ó sì dá olúkúlùkù padà sí ibi tí ó yẹ kí ó ti wà.

*

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ṣí afárá, Oníkọ́kọ́rọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó bá gbogbo àgádágodo ara ògiri tí ẹnu wọn là sílẹ̀. Ó dúró, ó ń wò wọ́n. Ó sáré. Kò tíì sáré láti ìgbà èwe rẹ̀.

Ogunlọ́gọ̀ ti kún etí odò. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n tò sí apá kan pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, nítorí Ajẹ́lẹ̀ fẹ́ kí Gómìnà rí àwọn tí ó parí iṣẹ́ náà. Gómìnà sọ̀rọ̀ ní èdè tirẹ̀. Ó jókòó. Ògbufọ̀ bọ́ síwájú nínú kóòtù funfun rẹ̀, ó la ẹnu.

Ohùn Alágbẹ̀dẹ ni ó jáde.

Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n kọ́kọ́ gbé orí sókè. Wọ́n mọ ohùn náà, ohùn jẹ́ẹ́ tí kì í pariwo. Ohùn náà sọ bí Ògbufọ̀ ṣe wọ ilé àgbẹ̀dẹ nígbà tí kò sí ẹni níbẹ̀, tí ó kó àwọn ẹ̀wù inú apẹ̀rẹ̀, tí ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí alágbàfọ̀, tí ó sì dá wọn padà sínú apẹ̀rẹ̀ ní gbígbẹ, kí ẹni tí ó ni wọ́n tó mọ̀. Ó sọ pé oògùn Agbẹ̀bí kò purọ́. Ó sọ bí aboyún kan ṣe bẹ̀bẹ̀ níbí, àti ohun tí wọ́n fi dá a lóhùn.

Kò sí ẹni tí ó mí. Gómìnà, tí kò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, rò pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n ń túmọ̀, tí ó sì wọ àwọn ènìyàn lára tó báyìí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó pàtẹ́wọ́. Ajẹ́lẹ̀ bá a pàtẹ́wọ́.

Ògbufọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ohùn náà ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Ó wá rí Ọlọ́wọ́-Ọṣẹ láàárín èrò, ó ń wò ó tààrà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lókè bí ẹni ń kí i. Ojú Ògbufọ̀ là. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ja bọ́tìnì kóòtù, ó ń ké pé ó ń jó òun. Bọ́tìnì kò ṣí. Ó fà á, ó fi eyín fà á. Oníkọ́kọ́rọ́ dé, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún èrò, ó ń kígbe pé kí ó má ṣe sún mọ́ omi, kí ó má ṣe sún mọ́ omi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ ń jó, níbo ni yóò sá lọ?

Odò náà kò jìn níbẹ̀. Àwọn ọmọdé máa ń wẹ̀ níbẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ dé orókún, ó ṣubú, kóòtù náà mu omi, ó wúwo bí òkúta orí aboyún, kò sì jẹ́ kí ó dìde mọ́.

Nígbà tí wọ́n fà á jáde, kóòtù náà funfun láú, kò sí àbàwọ́n, kò sí ihò. Wọ́n bọ́ ọ. Àwọn tí ó rí ara tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sọ ohun tí wọ́n rí títí di òní, àyàfi ọlọ́pàá kan tí bàtà fún lẹ́sẹ̀. Ó ní òun ti rí ojú ọta ìbọn rí, kò sì ṣeé ṣì mọ̀. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà.

*

Ní etí odò yẹn, láàárín èrò, ni ọwọ́ ọ̀tún Ọlọ́wọ́-Ọṣẹ ti pa dé. Ìka kan tẹ̀lé ìkejì, wọ́n ká sórí àpá kọ́kọ́rọ́ náà, wọn kò sì ṣí mọ́. Kò dùn ún. Ó fi aṣọ bò ó, ó rìn lọ sílé.

Wọ́n ti sọ ẹní ìbímọ Agbẹ̀bí kalẹ̀ láti orí àjà. Àwọn aboyún ti ń wá, wọ́n ń yí ojú sápá kan nítorí ìtìjú, ó sì jẹ́ kí wọ́n tijú dáadáa kí ó tó dáhùn. Nínú eérú ilé àgbẹ̀dẹ, níbi tí iná ti kú láti ọjọ́ yìí, ẹnìkan ti dá òmíràn. Èéfín rẹ̀ ń yọ ní òwúrọ̀. Kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí wọ́n ń rọ níbẹ̀.

Ọlọ́pàá tuntun ni ó gbé ìdì aṣọ náà wá. Ó ní Ajẹ́lẹ̀ yin iṣẹ́ tí ó ṣe lára kóòtù rẹ̀, pé láti ọjọ́ tí ó ti wọ̀ ọ́, ara ti tù ú bí ẹni tí nǹkan ń ṣọ́. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kí ó máa fọ aṣọ òun.

"Ẹ bá mi kí wọn," ni Ọlọ́wọ́-Ọṣẹ wí. "Ẹ ní mo gbọ́."

Nígbà tí ó lọ tán, ó fi ọwọ́ òsì tú ìdì náà. Agbẹ̀bí ti fa ọpọ́n sún mọ́ra, ó ti ká apá ẹ̀wù rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Ìkòkò amọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

"Ta ló ni èyí?" ni ó béèrè.

Ọlọ́wọ́-Ọṣẹ yí ìṣẹ́tí àkọ́kọ́ sókè, ó fi hàn án.

"Òwú pupa, Ìyá. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa."